Ọwọ́ Tó Ń Pa Kóró Láró

Fáànù ni Àǹtí kọ́kọ́ pa. Oòrùn ọ̀sán ti mú Ìdí-Àràbà, àwọn tó ń ta ọsàn létí Ishaga Road ti sún wọ abẹ́ agboòrùn, ṣùgbọ́n nínú yàrá kékeré tí a wà, afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ fẹ́. Ohun tó fẹ́ gé fẹ́lẹ́ débi pé èémí ẹni tó bá jókòó tì í lè gbé e lọ. Ó ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀, kí n sì panu mọ́ tí òun bá ti ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ.

Ègé ìda kan ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, kò ju ṣúgà St. Louis méjì tí a tò pọ̀ lọ. Inú ìda yẹn ni ẹran ara kan há sí, ó funfun bí ẹyinjú ẹja tí wọ́n ti sè. Ilé ẹyin obìnrin kan ni wọ́n ti gé e, jẹjẹrẹ sì wà nínú rẹ̀. Àǹtí ti gbé e lé yìnyín fún ìgbà díẹ̀, torí ooru Èkó a máa mú kí ìda rọ̀, ìda tó bá sì rọ̀ kì í gé, ńṣe ló ń rún pọ̀ lẹ́nu bíléèdì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ṣẹ̀ẹ́. Ṣẹ̀ẹ́. Ṣẹ̀ẹ́. Ìda ń yọ lójú bíléèdì, ègé kan ń so mọ́ èkejì bíi ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn. Máíkírọ́ọ̀nù 4 ni ìnípọn ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín mìlímítà kan sọ́nà 1,000, kí ẹ mú 4 níbẹ̀. Bébà inú ìwé ọmọ iléèwé nípọn tó irú ègé bẹ́ẹ̀ 20, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójijì ìró náà yí padà, ó di krẹ́-krẹ́, bí ìgbà tí eyín bá kan òkúta nínú ẹ̀wà. Èmi ò rí nǹkan kan. Àǹtí ti dáwọ́ dúró.

"Òkúta ni," ó wí. "Irú jẹjẹrẹ yìí máa ń ní i."

Èérún kálísíọ̀mù ló ń pè ní òkúta, roboto-roboto, ojú lásán ò lè rí i, ó sì máa ń wà nínú àwọn oríṣi jẹjẹrẹ ilé ẹyin kan. Bó ti kéré tó yẹn, ó ń ba ẹnu bíléèdì jẹ́, bíléèdì tó bá sì ti bàjẹ́ á máa fa ìlà sára gbogbo ègé tó bá tẹ̀lé e. Àǹtí sún bíléèdì síbi tí kò tíì lò lára rẹ̀, ó dá ìda padà sórí yìnyín, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo rántí ìyá mi, tó máa ń fi etí mọ̀ bóyá epo ti gbóná tó láti din àkàrà. Etí ni obìnrin yìí náà fi ń gé ẹran.

Nígbà tí ríbọ́ọ̀nù náà gùn tó, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan gbé orí rẹ̀, ó gbé e lé ojú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú àwo dúdú kan. Gbogbo ìhunjọ ara rẹ̀ nà lọ gbọọrọ, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó ti gíláàsì bọ abẹ́ omi, ó rọra gbé e sókè, ègé kan ṣoṣo sì lẹ̀ mọ́ ọn láìní ìkákò kankan. Ìgbà yẹn ló tó mí. Èmi náà mí.

Àǹtí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ń pè é, mo sì ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá. Láàbù náà kò jìnnà sí LUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ti wà ní Ìdí-Àràbà láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà kí n jókòó wò ó. Kì í ṣe torí ìwé ìròyìn tí mò ń kọ̀wé fún nìkan ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ẹran ara ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló wà nínú ìda yẹn.

Ìyá Ojúwòyè ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n, torí ọjà Ojúwòyè ní Mushin ni wọ́n ti ń ta èlùbọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ìgbà tí ikùn wọn kọ́kọ́ ń wú, a rò pé wọ́n ń sanra ni. Bí àrùn yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn: inú á kàn máa kún, oúnjẹ díẹ̀ á máa yó ènìyàn, kò ní ariwo. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Èmi ni wọ́n gbé ìgò lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ní aláìsàn rí ní Èkó mọ ìrìn yìí: wọ́n á fún ẹ ní fọ́ọ̀mù, wọ́n á fún ẹ ní ìgò, wọ́n á ní kí o gbé e lọ sí láàbù. Mo gbé e lé itan nínú dáńfó, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ìkókó.

Mi ò mọ̀ pé ìgò náà ti kéré jù. Ẹran tó tó ìkúùkù ni wọ́n rún mọ́nú rẹ̀, wọn ò là á, fọ́málìn tó wà níbẹ̀ kò sì ju èyí tó kàn lè rin ín lẹ́yìn lọ. Fọ́málìn ló ń dá ẹran ara dúró bó ṣe wà, kó má baà jẹrà. Ferdinand Blum, ará Jámánì, ló rí i ní 1893, ìka ọwọ́ tirẹ̀ tó ti le nídìí iṣẹ́ ló sì fi fura. Ṣùgbọ́n fọ́málìn kì í yára. Nǹkan bíi mìlímítà 1 ló ń wọlé ní wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó pọ̀ ju ẹran lọ ní ìlọ́po 10 ó kéré tán, kí wọ́n sì la ẹran tó bá tóbi. Ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ fún jẹjẹrẹ ọmú, tí ọ̀pọ̀ láàbù ń tẹ̀lé fún ẹran mìíràn, ni pé kí ẹran wà nínú fọ́málìn fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má kọjá 72. Nínú ìgò tí mo gbé, ẹ̀yìn ẹran náà ti jinná nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń bàjẹ́.

Kí ni wọ́n wá ń wá nínú rẹ̀? Purotéènì kan ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa gba iṣẹ́ tí họ́mọ̀nù bá wá jẹ́. Estrogen, họ́mọ̀nù tí ilé ẹyin ń ṣe, máa ń bá ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń dá a lóhùn. Bí ẹnì kan bá pariwo "Ìyá Ìbejì!" láàárín ọjà, gbogbo etí ló gbọ́, ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa yíjú. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní purotéènì yìí ló ń yíjú sí estrogen. ER ni wọ́n ń pè é ní láàbù; èyí tó ń dá progesterone lóhùn ni PR. Inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbé, níbi tí àṣẹ ti ń jáde pé kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà tàbí kó pín sí méjì.

Ní 1958 ni Elwood Jensen, ní Yunifásítì Chicago, fi hàn pé ohun kan wà nínú ilé ọmọ tó ń dá estrogen dúró sọ́dọ̀. Ó fi ìtànṣán sára họ́mọ̀nù náà, ó fún àwọn eku tí kò tíì bàlágà, ó sì ń ṣọ́ ibi tó ń lọ. Nínú ẹran ara tó kù, ó ń wọlé ó ń jáde. Nínú ilé ọmọ, ó jókòó. Lẹ́yìn èyí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ńṣe ni àwọn láàbù ń lọ ẹran tútù kúnná bí ẹni lọ ata kí wọ́n tó lè wọn ER inú rẹ̀. Wọ́n á mọ iye tó wà níbẹ̀, wọn ò ní mọ ẹni tó ni ín, bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí ara líle tó yí i ká. Ìgbà tí Georges Köhler àti César Milstein rí ọgbọ́n áńtíbọ́dì tó ń mọ ohun kan ṣoṣo ní 1975, tí Geoffrey Greene àti Jensen sì fi ọgbọ́n yẹn ṣe áńtíbọ́dì tó mọ ER ní 1980, ni ọ̀nà tó là láti fojú rí i nínú sẹ́ẹ̀lì tó ni ín.

Ṣùgbọ́n fọ́málìn kan náà tó ń gba ẹran là máa ń di àwọn purotéènì pọ̀ mọ́ ara wọn, débi pé áńtíbọ́dì ò ní rí ibi dì mú. Shan-Rong Shi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ ìdáhùn jáde ní 1991: ẹ sè é. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an. Nínú láàbù tí mo ń sọ yìí, ìkòkò pressure ni wọ́n fi ń sè é, irú èyí tí ẹ fi ń se ẹran ògúnfe nílé, ó ń hó lórí gáàsì, omi citrate sì wà nínú rẹ̀ dípò omi ọbẹ̀. Gíláàsì mẹ́jọ, tí wọ́n ń pè ní síláìdì, tò nínú agbọ̀n kékeré. Àǹtí ò kúrò nídìí rẹ̀. Bí ìkòkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé ló ń ka ìṣẹ́jú. Tí sísè bá kù, ER ò ní jáde. Tó bá pọ̀ jù, ẹran á ṣí lára gíláàsì, á máa léfòó nínú omi, iṣẹ́ ọjọ́ méjì á sì ti dòfo. Tí ó bá gbé e kalẹ̀, kì í tètè ṣí i. Ó ní kó tutù fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló fi bírò olóròóró kan yí ẹran ara kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ̀kán áńtíbọ́dì má baà ṣàn lọ. Ìgò áńtíbọ́dì náà kò ju ìka ọmọdé lọ. Òkè òkun ló ti ń wá, ó wọ́n, inú fíríìjì ló sì gbọ́dọ̀ máa gbé, nínú ìlú tí iná kì í dúró. Bátìrì ínfátà kan wà fún fíríìjì yẹn nìkan, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn, fóònù ọ̀gá pàápàá. Ó kán an lé ẹran, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kejì, ó gbé àwọn síláìdì sínú àpótí kan tó ti tẹ́ bébà tútù sí nísàlẹ̀, ó dé e. Bí ẹran bá gbẹ ní ìṣẹ́jú yìí, etí rẹ̀ á mú àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó bá sì ń kánjú wò ó á rò pé ER ni.

Àwọ̀ ló kẹ́yìn. Áńtíbọ́dì tó ti dì mọ́ ER ń dúró de áńtíbọ́dì kejì, èyí tó gbé ẹ́ńsáìmù kan lẹ́yìn. Àǹtí wá kán omi kan tí wọ́n ń pè ní DAB lé e. Ó wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn, torí DAB kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ lásán kàn. Ibi tí ẹ́ńsáìmù bá wà, DAB á pọ́n, á ṣú díẹ̀, á wá dà bí oje obì tó ta sára aṣọ funfun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó gbé síláìdì sábẹ́ maikirosikóòpù nígbà tó ṣì tutù, ó ń wo bó ṣe ń pọ́n, ó sì fi omi pa á ní ìṣẹ́jú tó wù ú. Mo bi í léèrè bó ṣe mọ̀ pé ó ti tó. Ó ní, "Ẹ wò ó fúnra yín." Mo wò ó. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Aró wá kù tí á fi pa àwọn kóró tí kò ní àwọ̀ obì, kí ojú lè rí gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Inú igi kan láti Mẹ́síkò àti àgbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, haematoxylin lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí kóró bá jáde nínú rẹ̀, pupa ni. Ìgbà tó bá kan omi tí ó ní agbára eérú díẹ̀ ló ń di aró. Àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tó ń fi omi eérú dá aró èlú, máa mọ ohun tí mò ń wí. Níbí, ẹ̀kán amóníà kan nínú abọ́ omi ni. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, pupa náà yí padà láàárín kí n ka oókan dé ẹẹ́wàá.

Kí n tó sọ ohun tí síláìdì tuntun yìí sọ, mo ní láti padà sí ti àkọ́kọ́.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí lórí ẹran Ìyá Ojúwòyè, láti inú ègé tí wọ́n gé ní àárín. Jẹjẹrẹ náà kò mú àwọ̀ obì rárá. Kóró gbogbo rẹ̀ jẹ́ aró. Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ER, kí ó fọwọ́ sí i, kí ìwé náà tẹ̀ lé wa délé. Dókítà tó ń ka síláìdì níbẹ̀, ọkùnrin kan tí kò tíì pé 40 ọdún, kò wo jẹjẹrẹ náà lákọ̀ọ́kọ́. Maikirosikóòpù olójú méjì ni wọ́n ń lò, òun lójú kan, Àǹtí lójú kejì, wọ́n sì gbà mí láyè láti wo díẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ wò ni ègé kékeré kan ní etí síláìdì, tí kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ilé ọmọ ẹlòmíràn ni, tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní ER. Ó pọ́n bí obì. Iṣẹ́ Àǹtí dára, áńtíbọ́dì ò bàjẹ́, ìkòkò sè é tó. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara líle láàárín jẹjẹrẹ náà. Ó sún síláìdì sọ́tùn-ún, ó sún un sósì, ó pẹ́. Ó rí àjákù ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá, tó há sáàárín jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ọ̀nà yẹn máa ń ní ER. Ó yẹ kí kóró wọn pọ́n. Wọn ò pọ́n. Aró ni wọ́n, tí etí wọn sì ti ń yọ́ bí aṣọ tó gbó.

"Àǹtí, ẹ wo ibí yìí."

"Mo rí i, Dókítà."

"Ara líle gan-an ò dáhùn."

"Àárín ni wọ́n ti gé e. Fọ́málìn ò débẹ̀."

Ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé ojú kúrò lórí maikirosikóòpù. Ohun tí wọ́n kọ kò ju pé ẹran yìí kò ṣeé kà, kí wọ́n tún gé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà yẹn, inú bí mi. Mo rò pé wọ́n ń fi àkókò wa ṣòfò. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé iṣẹ́ tó ṣòro jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo rí ní láàbù yẹn ni ohun tí wọn ò kọ. Jẹjẹrẹ tó dákẹ́ nígbà tí ara líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà dákẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "kò sí" àti "a ò mọ̀" tóbi fún obìnrin tó wà nílé. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin kì í ṣe ẹyọ kan. Irú tó wọ́pọ̀ jù lọ máa ń yára, ó sì máa ń dáhùn sí abẹ́rẹ́ kẹmó, ó kéré tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Irú kan tún wà tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òun ló máa ń ní òkúta wẹ́wẹ́ jù, kẹmó kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní ER, a sì lè fi oògùn oníhóró bíi letrozole gé oúnjẹ estrogen mọ́ ọn lẹ́nu. Ní 2013, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó ẹran ara obìnrin 2,933 jọ, wọ́n wo ER àti PR nínú wọn, ó sì hàn kedere pé oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀: ohun tí PR ń sọ fún ọ nínú oríṣi kan kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òmíràn. Láti mọ èyí tó wà níwájú ẹ, àfi kí ẹnì kan jókòó kí ó gé e, kí ó pa á láró, kí ó sì kà á.

Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà níbí, ó sì dára, mo ti rí àwọn tó rí ìtọ́jú gbà níbẹ̀. Tí mo bá ń kọjá níwájú ẹ̀, ẹ̀rọ ńlá ni ọkàn gbogbo ènìyàn ń lọ sí. Ọkàn tèmi ń lọ sí àwo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn àti ègé máíkírọ́ọ̀nù 4 tó ń léfòó lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú àdúrà ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Aláìsàn ò rí wọn rí. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ la máa ń gbé ewúrẹ́ fún.

Síláìdì tuntun náà wọ abẹ́ maikirosikóòpù ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, bí ìpè ìrun ṣe ń dún láti apá Mushin. Dókítà tún lo ìlànà kan náà, kò yára. Ilé ọmọ etí síláìdì: obì. Ó wá ọ̀nà ẹyin. Ó wà níbẹ̀, ó gùn dáadáa lẹ́yìn ẹran náà, kóró tó tẹ́ inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n pọ́n ròrò. Àǹtí mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ìgbà yẹn ni Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sún síláìdì lọ sórí jẹjẹrẹ.

Ó pọ́n. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn ibì kan ṣì jẹ́ aró, àwọn òkúta roboto-roboto wà láàárín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já, ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí ojú yà sí ni kóró àwọ̀ obì wà. Ó ń kà lábẹ́ ètè: iye tó pọ́n nínú 100, bó ṣe pọ́n tó. Ìṣirò Allred ni wọ́n ń lò, tí ó lọ láti òdo dé 8. Kóró tó pọ́n ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ìyẹn fún un ní 5. Pípọ́n rẹ̀ wà láàárín, kò ṣú jù, ìyẹn fún un ní 2.

"Méje," ó wí.

Àǹtí kọ 7 sínú ìwé ńlá aláwọ̀ ewé kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó dúró fún Ìyá Ojúwòyè. Lókè ibẹ̀, níbi tó ti kọ ti oṣù tó kọjá, mo rí i pé kò fi ìlà pa ohun tó kọ nígbà yẹn rẹ́: *kò ṣeé kà*. Ó mú síláìdì àkọ́kọ́ jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó fi aṣọ nu eruku kúrò lára rẹ̀, ó gbé e sínú àpótí onígi pẹ̀lú èyí tuntun, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ó sì yíjú sí ọmọ iṣẹ́ tó gbé ìgò mìíràn wọlé. Ó gba ìgò náà, ó gbé e sókè síwájú fèrèsé, ó ń wo bí fọ́málìn inú rẹ̀ ti pọ̀ tó.